Ọdún Àjíǹde Nínú Ilé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ọdún Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí onígbàgbọ́ ni ó rò pé iṣẹ́ àlùfáà àti ti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni láti la ìtumọ̀ ọdún náà yé ọmọdé. Pé tiwọn kò ju kí wọ́n rán aṣọ, kí wọ́n pa adìẹ, kí wọ́n sì se ìrẹsì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ń jẹun. Ní ọdún 2020, nígbà tí a ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn pa, tí kò sí ẹni tí yóò bá mi kọ́ àwọn ọmọ mi, ni ojú mi tó là. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi tó ẹ̀yin òǹkàwé létí, pàápàá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò lọ́wọ́, tí ẹ óò sì di òbí lọ́la.

Kí n tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yẹ orúkọ ọdún náà wò. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é kò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwa, Àjíǹde ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní jíjí, nítorí ó ń jí láràárọ̀. Nígbà tí ó bá gbọ́ Àjíǹde, ó mọ̀ pé ẹnì kan ni ó jí, tí ó sì dìde. Ìbéèrè tí ó kàn ni pé: kí ni ó ti ṣe ẹni náà tẹ́lẹ̀? Èdè wa kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa òbí ni a ń fi í pamọ́.

Àkókò tí ọdún náà ń bọ́ sí pẹ̀lú ń ran òbí lọ́wọ́. Kérésìmesì kì í yẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n Àjíǹde ń rìn. Ìṣirò tí àwọn ìjọ ilẹ̀ wa ń lò ni pé kí a wo òṣùpá àrànmọ́jú tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Ẹrẹ́nà, tàbí èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọjọ́ ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé e ni ọjọ́ Àjíǹde. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà, tí kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Igbe. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àkókò tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ nìyẹn, tí àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo.

Ìyá tí ó bí mi ni ó mọ bí a ti í lo àkókò yìí fún ọmọdé. Ọ̀dọ̀ wa ní Ṣómólú, ní Èkó, ni wọ́n ń gbé. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àgbẹ̀ sì ni àwọn òbí wọn. Bí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ bá ti dé, tí a bá ti ilé ìjọsìn bọ̀ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, Màmá a pe àwọn ọmọ mi méjèèjì jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọn a yọ hóró mélòó kan lára àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n so rọ̀ sí ilé ìdáná, wọn a sì ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbin tirẹ̀ sínú agolo tí a ti bu iyẹ̀pẹ̀ sí. Bí ọjọ́ Àjíǹde yóò bá fi dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, àgbàdo ti yọrí. Màmá kì í ṣe àlàyé púpọ̀. Wọn a kàn wí pé, "Ẹ rí i? Ẹ̀yin náà ni ẹ fi ọwọ́ ara yín sin ín." Màmá kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí kò tíì sin nǹkan kan kò lè mọ adùn kí nǹkan yọrí láti inú ilẹ̀.

Ilé-ìwé ọmọdé tí àkọ́bí mi ń lọ nígbà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 2019, ọmọ náà gbé àwòrán ehoro kan wálé, tí wọ́n fi páálí gé, tí apẹ̀rẹ̀ ẹyin aláràbarà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ni ẹyin wọ̀nyí?" Ọmọ náà ní ehoro ni. Màmá ní, "Ní ìlú wo ni ehoro ti ń yé ẹyin?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. N kò bá ehoro jà. Àṣà àwọn ará Jámánì ni, tí àwọn tí ó ṣí kúrò níbẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó sì tàn kálẹ̀. Ẹyin náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́: wọ́n ní bí òròmọdìẹ ti ń fọ́ èèpo ẹyin jáde ni Jésù ṣe jáde kúrò nínú ibojì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, tí ó jẹ́ pé ehoro nìkan ni ó rántí, ọdún náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nígbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Màmá kú. Ẹni ọdún 81 ni wọ́n. Wọ́n sùn ní alẹ́, wọn kò sì jí mọ́. A gbé wọn lọ sí Èkìtì, a sì sin wọ́n síbẹ̀. A fi àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi. Nígbà tí a dé, ọmọkùnrin kékeré, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, béèrè Màmá. Ìyàwó mi wò mí, èmi náà wò ó. Mo ní, "Màmá rin ìrìn-àjò." Ó ní, "Ìgbà wo ni wọn yóò dé?" Mo ní, "Kò ní í pẹ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò béèrè nǹkan kan. Mo dúpẹ́ nínú ara mi pé kò béèrè.

Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀wọ̀n ikú. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àgbàlagbà a papò dà. Onígbàgbọ́ a sùn nínú Olúwa. Ẹwà èdè ni gbogbo ìwọ̀nyí, a sì ń fi wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mọ ikú ni a dá wọn sílẹ̀ fún. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n yóò mú wọn bí wọ́n ṣe dún ní etí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìrìn-àjò ní àbọ̀, oorun sì ní jíjí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni àrùn kòrónà gba ìgboro kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Muhammadu Buhari bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ pé láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì, kí olúkúlùkù ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá jókòó sí ilé rẹ̀ fún ọjọ́ 14. Ọjọ́ Àjíǹde, tí í ṣe ọjọ́ 12 oṣù Igbe, bọ́ sáàárín rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé, kò sí ilé ìjọsìn, kò sí Màmá. Èmi ni mo di àlùfáà ilé mi.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ dé. Lẹ́yìn tí a gbọ́ ìsìn lórí rédíò tán, àkọ́bí mi wọ ilé ìdáná, ó sì mú èyí tí ó kù nínú àgbàdo Màmá wá. Ó ní, "Bàbá, òní ni a máa ń gbìn ín." A wá agolo mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ ní kí a fi ìkarùn-ún kún un, pé ti Màmá ni, kí wọ́n lè bá a níbẹ̀ bí wọ́n bá ti ìrìn-àjò dé. Mo wo àkọ́bí mi. Ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo karùn-ún náà, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bu omi sínú abọ́ ńlá, mo so tówẹ̀ẹ̀lì mọ́ ìbàdí, mo sì kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ mi láti wẹ ẹsẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní alẹ́ tí a ó mú un. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí èyí jẹ́. Ọmọ ni ó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, bàbá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Ọmọkùnrin kékeré ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta omi sí mi lójú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ dìde." Ojú ń tì í fún mi. Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Pétérù ṣe kọ́kọ́ kọ̀ fún Olúwa rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ èyí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. N kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìrẹ̀lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà; kò sí ohun tí mo lè sọ tí ó tó ohun tí wọ́n rí.

Ọmọ Àgùdà ti Erékùṣù Èkó ni ìyàwó mi. Àwọn Àgùdà ni ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí wọ́n rí ààyè padà sí ilẹ̀ bàbá wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, frejon ni wọ́n ń sè: ẹ̀wà tí a sè títí tí ó fi rọ̀, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi àgbọn pò. Ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, nítorí wọn kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí fi ń pe ẹ̀wà. Nílé àwọn òbí ìyàwó mi, ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń sè é, àtonígbàgbọ́ àti mùsùlùmí àdúgbò ni wọ́n sì ń bù ú fún. Lọ́dún náà, ìkòkò kékeré ni ìyàwó mi gbé kaná. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun yóò se frejon tí òun kò ní í rí ẹni bù fún.

Ibi tí a ti ń jẹun ni àkọ́bí mi ti bi mí pé, "Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n pa Jésù, kí ló dé tí a fi ń pè é ní Rere?" Mo fèsì pé nítorí ire tí ó ti ibẹ̀ wá ni: ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn tí ó fẹ́ràn, kí ẹ̀ṣẹ̀ àti ikú má baà ní agbára lórí wọn títí láé. Mo sọ bí a ti kàn án mọ́ àgbélébùú, ṣùgbọ́n n kò fẹ ọ̀rọ̀ ìṣó àti ẹ̀jẹ̀ lójú, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin wà níbẹ̀. Títí dé ibí yìí n kò ṣìṣe. Àṣìṣe mi ni pé bí mo ti wí pé ó kú, n kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ tí mo fi wí pé ó jí ní ọjọ́ kẹta. Mo fò ó kọjá bí ẹni tí ń fo gọ́tà. Àkọ́bí mi ní, "Ọjọ́ mẹ́ta péré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́, kò sì jẹun mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ tí n kò mọ ohun tí mo lè fi í ṣe. Jésù wà nínú ibojì, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sì sé ara wọn mọ́lé. Mo jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́ mo bá ọmọkùnrin kékeré ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ti wú àgbàdo inú agolo Màmá jáde, ó sì nà án sí mi. Ó ní, "Bàbá, ó ti jẹrà." Hóró náà ti wú, ó ti rọ̀, gbòǹgbò funfun kékeré kan sì ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kò jẹrà, kí ó dá a padà sínú iyẹ̀pẹ̀. Ó dá a padà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà ti kán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àjíǹde, a jí ní aago márùn-ún ìdájí. A tan àtùpà kan, a sì jókòó yí i ká ní yàrá àlejò. Mo sọ ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n lọ sí ibojì ní àfẹ̀mọ́jú pẹ̀lú tùràrí, tí wọ́n bá òkúta tí a ti yí kúrò; mo sọ bí Màríà Magidalénì ṣe rò pé olùṣọ́gbà ni Jésù, títí ó fi pe orúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Màmá ti wà nínú ilẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò tíì jí?"

Ilé pa rọ́rọ́. Mo bi í pé ta ni ó sọ fún un. Ó ní kò sí ẹni tí ó sọ fún òun. Ní ọjọ́ tí a gbé Màmá lọ sí Èkìtì, ó gbọ́ nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù. Ó ti mọ̀ kí a tó padà dé. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ ní ìrìn-àjò ni. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ kí á sọ ọ́." Ìgbà náà ni ó tó yé mi ìdí tí kò fi fẹ́ dá sùn mọ́ láti oṣù tí ó kọjá. A ti rò pé ìròyìn àrùn ni ó ń dẹ́rù bà á. Kì í ṣe àrùn. Ó gbọ́ pé Màmá sùn, wọn kò sì jí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ojú tì mí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún méje ti ń dá ṣọ̀fọ̀ nínú ilé mi, nítorí pé èmi tí ó yẹ kí n bá a ṣọ̀fọ̀ ti sé e lẹ́nu. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù méjì.

Ọmọkùnrin kékeré ń wo ojú mi. Ó ní, "Ṣebí ìrìn-àjò ni wọ́n lọ?" Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Màmá kú. Ara wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. A sin wọ́n sínú ilẹ̀ ní Èkìtì, wọn kò sì ní í gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́." Mo sọ fún àkọ́bí mi pé oorun tí òun ń sùn lálẹ́ kì í ṣe ikú, pé Màmá ti darúgbó, ara wọn ti lo ìlò rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí àwa onígbàgbọ́ ń retí: pé Jésù ni àkọ́so nínú àwọn tí ó jí, pé àwọn tí í ṣe tirẹ̀ yóò jí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìkẹyìn, èyí tí a kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n?" Mo ní èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Ó rò ó díẹ̀, ó sì tún béèrè pé, "Yétúndé kan wà ní kíláàsì wa. Ó ní ìyá ìyá òun ni ó padà wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe padà wá?" Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò ní í rí ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ nínú ìwé ìdánwò. Mo sọ fún un pé Babátúndé àti Yétúndé jẹ́ orúkọ tí àwọn baba wa fi ń tu ara wọn nínú nígbà tí àgbà bá kú, tí ọmọ tuntun sì tẹ̀lé e. Ìgbàgbọ́ nínú àtúnwá ni ó bí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun ni ọmọ náà, ó ní orí tirẹ̀, kò sì mọ ohun tí ẹni àná mọ̀. Àjíǹde yàtọ̀ sí àtúnwá. Jésù kan náà tí a sin ni ó jáde. Àpá ìṣó wà ní ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá wọn jẹ ẹja, kò sì tún kú mọ́. Ọmọ náà ní, "Nítorí náà, bí Màmá bá jí, wọn yóò mọ̀ mí?" Mo ní ohun tí a gbà gbọ́ nìyẹn. Ìgbà náà ni ó tó bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra. Gbogbo wa ni a sunkún. Ìrẹsì ọdún pẹ́ kí ó tó délẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, a jáde lọ wo àgbàdo wa. Agolo mẹ́rin ti yọrí; ti Màmá kò yọ. Ní alẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, ìyàwó mi fẹ́ rọra hú èyí tí ó hù nínú agolo tirẹ̀, kí ó sì gbìn ín sínú ti Màmá, kí inú ọmọ kékeré lè dùn bí ilẹ̀ bá mọ́. Mo ní rárá, irọ́ kan ti tó nínú ilé yìí. Ní ọjọ́ Ajé, tí a bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, àwọn ìjọ ì bá ti tò jáde lọ sí Gálílì, pẹ̀lú orin àti oúnjẹ, sí abẹ́ igi tàbí etí odò. Ẹ̀yìnkùlé ni Gálílì tiwa. Ọmọ kékeré wo agolo Màmá, ó sunkún díẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ béèrè hóró mìíràn. Ó gbìn ín. Kò tún wú u mọ́.

Láti ọdún náà wá, àwa ni a ń ṣe ọdún Àjíǹde nínú ilé wa kí a tó lọ bá ìjọ ṣe é. A ń gbin àgbàdo, a ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa, a ń se frejon, a sì ń bù ú fún aládùúgbò. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, a kì í fi ẹnu kan Àjíǹde rárá. A ń jẹ́ kí ikú Jésù jẹ́ ikú. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ń dárúkọ àwọn ará ilé wa tí ó ti kú, àwọn ọmọ sì ń sọ ohun tí wọ́n rántí nípa Màmá. Èyí ni mo wá fi Ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí òbí àti olùkọ́ mú dání kò pọ̀. Èkíní, ẹ pe ikú ní ikú fún ọmọdé, ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì jókòó tì í lẹ́yìn tí ẹ bá pè é. Èkejì, ẹ má ṣe kánjú láti ọjọ́ Ẹtì dé ọjọ́ ìsinmi. Ìrètí tí a kò dúró dè kò ní í wúwo lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta, ẹ fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ ṣe, nítorí ọwọ́ ọmọdé tètè ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ bá béèrè ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ wí pé ẹ kò mọ̀. Ọmọ kì í kẹ́gàn àgbà nítorí èyí.

Ní ọdún 2024, ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà ni Àjíǹde bọ́ sí. A mú àwọn ọmọ dé Èkìtì, wọ́n sì rí ibojì Màmá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tí ó kéré nígbà náà ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó dúró, ó ka orúkọ tí a kọ sára ibojì náà sókè. Lẹ́yìn náà ó bojú wò mí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ ní wọ́n lọ sí ìrìn-àjò." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó fà lé ọwọ́ mi, a sì kọrin Àjíǹde níbẹ̀, níwájú ibojì tí a kò tíì ṣí.

Bí a bá fẹ́ kí ọmọ gba ìròyìn Àjíǹde gbọ́ lẹ́nu wa, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé a kò purọ́ ikú fún òun.